Ọwọ́ Gbígbẹ Ni A Fi Ń Gba Ẹyin Ẹja

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí di ọdún yìí tí ẹ̀yìn mi ní òun kò lè tẹ̀ mọ́. Mo máa ń gba ẹyin lára ẹja àrọ̀, mo sì ń mú kí ẹyin náà di ọmọ tí àwọn ènìyàn ń rà lọ sìn nínú adágún wọn. Ọ̀fà ni mo ti ṣe é, lójú ọ̀nà Ojoku, nínú ilé búlọ́ọ̀kù kan tí a fi páànù bò. Ilé ẹyin ni à ń pè é.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Oko bàbá mi ló gba ìgbà èwe mi. Nígbà tí mo jókòó ní kíláàsì àkọ́kọ́, orúnkún mi kò gba abẹ́ tábìlì, àwọn ọmọ sì ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Nígbà tí mo fi máa jáde ní girama, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣe ìkómọ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Àlájì Bùsárí, ó ní ọmọ yìí ń wá iṣẹ́. Àlájì wo ọwọ́ mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà náà, ó dára díẹ̀ nígbà tó yá. Ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀.

Mo rò pé ẹja ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Tówẹ́lì ni mo fọwọ́ kàn. Ó ju ọdún kan lọ tí iṣẹ́ mi kò ju pé kí n fọ tówẹ́lì, kí n sá a sóòrùn, kí n ká a, kí n kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Bí ọ̀kan bá tutù díẹ̀, Àlájì á jù ú lé mi lórí.

"Kàmọ́rù, kí lèyí?"

"Tówẹ́lì ni, Àlájì."

"Irọ́ ni. Omi ni. Omi tó wọ aṣọ."

Bí ó bá ti máa gba ẹyin, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. Á nu ìyá ẹja láti orí dé ìrù. Á nu abọ́. Á nu ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà ni á wá fi àtàǹpàkò tẹ ikùn ẹja náà wẹ́rẹ́, ẹyin á máa ṣàn bọ̀ sínú abọ́ bí ọkà bàbà tí a fi epo pa. Ẹni tó bá mú ọwọ́ tútù sún mọ́ abọ́ lákòókò yẹn, kí ó máa múra ilé. Ó lé ọ̀kan nínú wa lọ nítorí òógùn iwájú orí rẹ̀.

Mo fara dà á títí, ọjọ́ kan ni mo wá bi í.

"Àlájì, inú omi ni wọ́n bí ẹja sí, inú omi ló ń gbé. Kí ló wá sọ omi di ọ̀tá ẹyin rẹ̀?"

Ó bu ẹyin díẹ̀ sínú àwo, ó da omi lé e, ó ní kí n máa wò ó. Lójú mi báyìí ni ẹyin náà wú, tí ara rẹ̀ le, tí ó lẹ̀ mọ́ àwo.

"Ihò kékeré kan wà lára ẹyin kọ̀ọ̀kan," ni ó wá sọ. "Ibẹ̀ ni àtọ̀ akọ ń gbà wọlé. Bí omi bá kàn án, omi á wọ inú rẹ̀, á wú, ihò á dí. Àtọ̀ tó bá dé lẹ́yìn náà, ó bá ilẹ̀kùn ní títì."

"Àtọ̀ náà ńkọ́? Ṣé omi ò ṣe é ní nǹkan?"

"Tirẹ̀ ló tún burú jù, Bàbá Kíláàsì." Ta ló sọ orúkọ yẹn fún un, n kò mọ̀ títí di òní.

Pípa la ń pa akọ kí a tó rí àtọ̀ rẹ̀. Àlájì á fún un sínú omi dírípù, irú èyí tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, nítorí iyọ̀ inú omi náà sún mọ́ iyọ̀ inú ara ohun abẹ̀mí. Nínú omi yẹn, àtọ̀ á sùn jẹ́ẹ́. Bí a bá gbé e sínú fìríìjì, ó lè sùn di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí omi lásán bá kàn án, á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, omi á sì máa rọ́ wọ inú rẹ̀ bí ó ti ń sáré. Kí ènìyàn tó ka Fátíhà kan pẹ̀lú súrà kékeré kan tán, agbára rẹ̀ ti tán, òmíràn ti bẹ́. Nítorí náà, ẹyin àti àtọ̀ gbọ́dọ̀ pàdé ní abọ́ gbígbẹ. Bí wọ́n bá ti pàdé, ìgbà náà la ó tó bu omi lé wọn. Ìgbà náà ni omi di ọ̀rẹ́.

Ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ mi pé sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ gbogbo ohun abẹ̀mí. Àlájì kì í pè é bẹ́ẹ̀. Yàrá ló ń pè é. Yàrá kéékèèké tí ojú kò rí, tí a tò jọ di ẹja, di ewé, di ènìyàn. Ògiri yàrá náà fẹ́lẹ́. Omi ń gba ara rẹ̀ kọjá bí ó ṣe wù ú. Iyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà sì ní aṣọ́nà. Nígbà tí iyọ̀ kò lè rìn bí ó ṣe fẹ́, omi ló ń rìn lọ bá a. Ẹ ti rí i nínú ilé ìdáná. Ẹ fi iyọ̀ ra ewúro, kí ẹ tó fún un, omi ti ń sun lára rẹ̀. Ẹ da iyọ̀ lé ekòló, ẹ mọ bí ó ṣe ń rún jọ. Omi inú yàrá ló ń jáde lọ bá iyọ̀.

Òdìkejì ni ti ẹja inú odò. Iyọ̀ ara rẹ̀ ju ti odò lọ, nítorí náà tọ̀sán-tòru ni omi ń wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ènìyàn rò pé ẹja ń mu omi ṣáá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títọ̀ ló ń tọ omi dànù, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ẹja tó bá rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, á wú, á kú. Ìdí nìyí tí Àlájì fi máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi bí a bá ń gbé ẹja rìn. Iyọ̀ díẹ̀ yẹn ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Bí iyọ̀ bá wá pọ̀ jù, omi ara ẹja á máa jáde. Díẹ̀ ni oògùn, púpọ̀ ni ikú.

Mo gbé ìyàwó nídìí iṣẹ́ yìí. Sìdí ni orúkọ rẹ̀. Ó wá ra ọmọ ẹja fún bàbá rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ẹja náà tínrín bí ẹni tó ń tà wọ́n. Lẹ́yìn tí a fẹ́ra, ó bá mi ṣe é. Ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Òun ló máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ṣa ẹyin tó ti kú kúrò láàárín èyí tó wà láàyè, kí ohun funfun bí òwú tó ń hù lára òkú ẹyin má baà ran ìyókù.

Nígbà tí ọwọ́ Àlájì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó. Àkọ́bí rẹ̀, Bọ̀dá Múfútáù, ló gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní ilẹ̀ náà wà lójú títì, ṣọ́ọ̀bù ló yẹ ibẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ ká wó o."

"Múfútáù, ṣé wọ́n máa ń wó ilé tó ṣì ń bímọ?"

"Ọwọ́ yín ló ń bímọ, Bàbá, ọwọ́ náà sì ti ń gbọ̀n."

"Ọwọ́ Kàmọ́rù ò gbọ̀n."

Wọ́n bá ara wọn fà á títí, wọ́n wá fi ẹnu kò. Òjò ọdún yẹn ni ìdánwò. Èmi ni mo máa gba ẹyin, Àlájì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ọmọ ẹja bá jáde, kí wọ́n fi ilé ẹyin sílẹ̀ kí n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá jáde, kí kàtàpílà wọlé. N kò ní iṣẹ́ mìíràn, n kò sì ní ilẹ̀ mìíràn.

Ọyẹ́ ọdún náà ti pa nínú àwọn ìyá ẹja wa. Mẹ́ta péré ni ikùn wọn gbó nígbà tí òjò dé. Mo fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn ènìyàn tó máa lọ sí mọ́sálásí, ẹyin wọn dé. Bọ̀dá Múfútáù ti wá láti Èkó, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àlájì jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà.

Mo gba ẹyin ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́ kan, bí a ti máa ń ṣe. Ara Sìdí kò yá lọ́jọ́ náà, ó lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri. Abọ́ náà ti kún, mo sì di ẹja tó kẹ́yìn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Bọ̀dá Múfútáù wọlé láti ibi ẹ̀rọ omi níta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán. Ó rí i pé abọ́ fẹ́ yẹ̀ lórí pákó.

"Jẹ́ kí n bá ọ dì í mú," ni ó wí.

Ènìyàn rere ló ṣe é. Ó wà lára àwọn tí kì í nu omi àlùwàlá, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ lára wọn fúnra rẹ̀. Ó ti ká apá jàlábíà rẹ̀ dé òkè ìgúnpá, omi sì ti sá pamọ́ sínú ìṣẹ́po aṣọ náà. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ mú abọ́, ìṣẹ́po náà fún, omi ya sínú ẹyin. Mo ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀, Bọ̀dá." Ó rò pé mo ní kí ó tò ó dáadáa ni, ó mi abọ́ náà jìgìjìgì kí ẹyin lè tẹ́. Omi rìn yí ká.

Mo wo abọ́. Ẹyin ti ń wú. Ó ti ń lẹ̀ mọ́ra.

A da àtọ̀ lé e bákan náà, torí ìrètí kì í tètè kú. Kò mú nǹkan kan.

Sìdí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, omi ọwọ́ yín ni."

"Omi àlùwàlá? Omi tó mọ́ ni."

"Ó mọ́. Ẹyin ò béèrè bóyá ó mọ́."

Bọ̀dá Múfútáù wo apá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Kò tún sí ìyá ẹja mìíràn."

Omi tó tán lẹ́yìn ẹja ló sọ ẹja di èrò ìṣasùn. Mo rò pé tiwa ti tán nìyẹn. Àlájì ló ní kí wọ́n má tíì lọ pe oní-kàtàpílà.

"Òjò ọdún yìí ni a sọ," ni ó wí, "a ò sọ pé Jímọ̀ òní. Kàmọ́rù, ṣé àtọ̀ ṣì kù?"

"Ó kù tó ìdajì, Àlájì. Ó wà nínú dírípù rẹ̀, nínú fìríìjì."

"Iná ńkọ́?"

"Kò sí iná."

"Ra yìnyín. Lẹ́yìn náà kí o lọ sí Ojoku, sọ́dọ̀ Ìyá Rábì."

Opó kan ni Ìyá Rábì, ó ti ń ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ó ní ẹja ńlá kan nínú táǹkì ẹ̀yìn ilé tí ó kọ̀ láti tà, tí ó kọ̀ láti jẹ. Ó sọ ẹja náà ní Àlájà. Ìrun Jímọ̀ parí, mo gun ọ̀kadà, mo gba ibẹ̀ lọ. Mo bá òun àti ọmọ rẹ̀ Rábì tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo ní ọ̀dọ̀ Àlájà ni mo wá.

"Ẹ fẹ́ pa Àlájà mi," ni ó wí.

"A ò ní pa á, mà. Ẹyin rẹ̀ nìkan la fẹ́."

"Kí ó tún padà wá sílé?"

"Á padà."

"Ẹyin rẹ̀ ò sì ní dùn ún?"

"Á fúyẹ́ sí i ni."

Ó ronú. "Kò lè dá lọ. Èmi náà ń bọ̀."

Mo bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé ẹnu rẹ̀, mo sì fi ìka méjì ta iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ìyá Rábì di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò pa á. Ta ló ń fi iyọ̀ sí ẹja tí kò tíì kú?"

Mo ṣàlàyé fún un bí omi ṣe ń wọ ẹja lára, àti pé ìrìn àjò á mú kó rẹ̀ ẹ́, iyọ̀ díẹ̀ á jẹ́ kí omi dín ìwọlé kù. Kò gbà mí gbọ́. Rábì ló ní, "Màámi, ìka méjì ni. Ọbẹ̀ ìdílé wo lẹ ti rí tí wọ́n ń fi èyí sè?" Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọ̀kadà méjì ló gbé àwa àti Rábì dé Ọ̀fà, ìyá náà gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ra bí ọmọ jòjòló, ó ń bá ẹja sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Mo gún Àlájà ní abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́. Yìnyín ni a fi tọ́jú àtọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ti rọ̀. A nílò ẹni tí yóò di abọ́ mú, torí ẹja náà tóbi, èmi àti Sìdí la máa dì í. Àlájì na ọ̀pá rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀.

"Múfútáù ni kó dì í mú."

Bọ̀dá Múfútáù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. Sìdí na tówẹ́lì sí i. Kò gbà á lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n nu omi àlùwàlá?"

"Omi àlùwàlá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀," ni Àlájì wí. "Ẹyin ń dúró de tirẹ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó nu ìgúnpá rẹ̀. Ó bọ́ jàlábíà, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó di abọ́ mú, kò mí sókè. Mo tẹ ikùn Àlájà, ẹyin ṣàn. Mo da àtọ̀ lé e, mo fi ìyẹ́ rò ó pọ̀, lẹ́yìn náà mo ní kí Bọ̀dá Múfútáù bu omi lé e.

"Omi?" ni ó bi mí. Ó tún wo ojú mi bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó ti tó àkókò rẹ̀ báyìí."

Ọjọ́ Sọ́ńdè ló yẹ kí ó padà sí Èkó. Kò lọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tínrín bí òwú ìránṣọ, wọ́n ń gbọ̀n nídìí àwọ̀n. Ó lóṣòó tì wọ́n. Kò sọ̀rọ̀ kankan nípa ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Rábì ní tirẹ̀ ti gbé Àlájà lọ sílé, ṣùgbọ́n Rábì kò bá a lọ. Ó ní òun fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ó ń wò ó títí di òní.

Àwọn irinṣẹ́ ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Tẹ́lẹ̀, orí ẹja mìíràn la máa ń là kí a tó rí oògùn tí yóò mú ẹyin gbó, a ó yọ nǹkan kan tí kò tó hóró ìrẹsì, a ó lọ̀ ọ́ nínú odó kékeré. Báyìí, inú ìgò ló wà, a ó kàn fi abẹ́rẹ́ fà á. Tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò ojúoró la ń tẹ́ ẹyin lé, báyìí àwọ̀n ni. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ń ti afẹ́fẹ́ sínú omi bí iná bá lọ. Mo gba gbogbo rẹ̀ tọwọ́-tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn nu ọwọ́.

Sìdí ṣàìsàn nígbà tó yá. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì so dírípù kọ́, mo wo ara rẹ̀, mo mọ omi náà. Sìdí rí mi, ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí.

"Bàbá Lùkúmọ́nù, omi ẹja yín ni wọ́n so mọ́ mi yìí."

"Òun ni."

"Ẹ wò ó dáadáa kí wọ́n má lọ fi ẹ̀jẹ̀ mi bí ọmọ ẹja."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wa pé bí wọ́n bá fa omi lásán sí ènìyàn lára, omi á rọ́ wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wú, wọ́n á bẹ́. Mo ní mo gbọ́. Mo jókòó tì í, mò ń wo omi náà bí ó ti ń kán. Ohun tí dírípù lè ṣe, ó ṣe é. Sìdí kú nígbà òjò. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá mi Àlájì náà ti dágbére fáyé. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó lórí ogún. Àbúrò kan tún dá ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Bọ̀dá Múfútáù ní àdéhùn ti wà nílẹ̀, àdéhùn náà kò sì bá bàbá wọn wọ sàárè. Wọ́n fi ilé ẹyin sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, màá ní kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí ẹ jẹ́. Ẹni tí kò lè dúró kí nǹkan tó àkókò rẹ̀, kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹja nílò ló wà nínú omi. Èwo ló ń wọlé, èwo ló ń jáde, ìgbà wo, báwo ló ṣe pọ̀ tó: ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Mo fi ilé ẹyin lé Rábì lọ́wọ́ lọ́dún yìí. Lọ́jọ́ tí mo lọ kó àwọn ẹrù mi, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Fóònù mi dún. Bọ̀dá Múfútáù ni, láti Èkó. Ohùn rẹ̀ ti di ti àgbàlagbà.

"Kàmọ́rù, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹyin, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

"Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ sọ fún mi, táǹkì mélòó ni ká kọ́ sí i?"

Mo ní kì í ṣe èmi ló kàn mọ́, kí ó bi Rábì. Mo na fóònù sí i.

Rábì kò gbé ojú sókè. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró díẹ̀, sà," ni ó wí. "Mò ń gba ẹyin lọ́wọ́."

Bọ̀dá Múfútáù gbọ́ ọ. "Kó má kánjú," ni ó ní. "Màá dúró."